Ìwẹ̀ Màmá Tí Mo Gbowó Rẹ̀

Nígbà tí mo wà nílé, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún mi pé ìjọba kan wà tó ń sanwó fún ènìyàn kó lè tọ́jú ìyá rẹ̀, ẹ̀rín ni ǹ bá fi í rín. Lójú tiwa, ta ló ń pe ìtọ́jú òbí ní iṣẹ́? Ẹni tí kò bá ṣe é, gbogbo àdúgbò á máa sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá sì ṣe é, kò sẹ́ni tó máa kí i kú iṣẹ́, àfi kí wọ́n ṣàdúrà fún un pé ọmọ tirẹ̀ náà á tọ́jú rẹ̀.

Houston ni mo ti mọ̀ pé iṣẹ́ ni, pé ó ní wákàtí, pé ó ní òfin. Ibẹ̀ náà ni mo ti mọ̀ pé òfin ọ̀hún ní eyín.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni Màmá tí mò ń sọ yìí. Ìyá mi kú nígbà tí mo kéré. Owó tí Màmá ń fi ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà ni mo fi jẹun, òun náà ni mo fi lọ ilé ìwé títí mo fi dúró fúnra mi ní SS2, torí orí mi ò gbé ìwé, iṣẹ́ wíndò aláminíọ́ọ̀mù ló wù mí. Nígbà tí mo rí ìwé ìgbélùú Amẹ́ríkà gbà, àdírẹ́sì rẹ̀ ní Missouri City, lẹ́bàá Houston, ni mo kọ sílẹ̀. Mo bá a níbẹ̀ tó ṣì ń ṣiṣẹ́ ìdáná ní ilé ìwé àwọn ọmọdé, tó ń wa ọkọ̀ ara rẹ̀, tó sì ń bá mi wí nítorí bí mo ṣe ń ti ilẹ̀kùn gbàgà. Ọmọ kan ṣoṣo tó bí wà ní Kánádà. Àwa méjì là ń gbé.

Kò pẹ́ tí mo dé tó yọ̀ ṣubú níwájú ilé lọ́jọ́ kan tí òjò rọ̀. Egungun ìbàdí rẹ̀ ló kán. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, wọ́n fún un ní irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tí yóò máa fi rìn, wọ́n sì ní kò gbọdọ̀ dá nìkan wẹ̀ mọ́.

Obìnrin kan wá láti ọ́fíìsì tó ń rán olùtọ́jú lọ sílé àwọn aláìlera. Ó ní ìjọba á sanwó fún ẹni tó bá ń ran Màmá lọ́wọ́, pé kò burú bí ẹni náà bá jẹ́ mọ̀lẹ́bí. Ó ka iṣẹ́ náà sí mi létí: kí n wẹ̀ ẹ́, kí n wọṣọ fún un, kí n dáná, kí n gbé e dìde. Mo ń mi orí sí gbogbo rẹ̀. Màmá jókòó sórí àga, ó ń wò mí. Bí obìnrin náà ṣe jáde báyìí, ó bi mí:

“Ta ni wọ́n ní kó wẹ̀ mí?”

“Wọ́n ní èmi ni, Màmá.”

“Ìwọ wo? Ìwọ tí mo wẹ̀ ní kékeré kí n tó kúrò nílé? Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Ojú wo lo fẹ́ fi wo ìhòòhò mi?”

“Èmi náà ò fẹ́, Màmá.”

“O ò tiẹ̀ gbọdọ̀ fẹ́!”

A jọ rẹ́rìn-ín. Ó yẹ kí n sáré tẹ̀ lé obìnrin yẹn dé ìdí ọkọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ náà, kí n sọ fún un pé ní ilẹ̀ wa, ọmọkùnrin kì í wẹ ìyá rẹ̀, kó jọ̀wọ́ wá obìnrin fún apá ibẹ̀. Mi ò lọ. Ẹ̀rù ń bà mí pé tí mo bá ní mi ò lè ṣe kan, wọ́n lè gba gbogbo rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Mo bá dákẹ́. Tí ènìyàn bá ń wá ibi tí irọ́ mi ti bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ ni. Ìtìjú ló kọ́kọ́ dé, ojúkòkòrò tẹ̀ lé e.

Ẹni tó wá ń wẹ Màmá ni obìnrin ará Ìlọrin kan tó ń gbé lókè wa. Ìyá Òkè là ń pè é. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ló ti ń ṣiṣẹ́, òru ló sì ń ṣe. Tó bá dé láàárọ̀, kó tó lọ sùn, á kọ́kọ́ yà lọ́dọ̀ wa. Mùsùlùmí ni, Màmá jẹ́ Aládùúrà, wọn kì í sì í yé fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́. Á ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, á kọjú sí mi:

“Ọ̀gbẹ́ni, ẹ gba ìta lọ. Àwọn obìnrin fẹ́ wẹ̀.”

Màá jáde lọ dúró láàárín àwọn ọkọ̀ tí wọ́n páàkì síwájú ilé. Fóònù mi ni ọ́fíìsì fi ń mọ̀ pé mo wà lẹ́nu iṣẹ́. Màá tẹ àmì aláwọ̀ ewé tí mo bá bẹ̀rẹ̀, màá tẹ pupa tí mo bá parí, àwòrán iṣẹ́ tí mo ṣe wà láàárín. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ omi tó ń dà láti òkè. Èmi náà á tẹ omi. Ìyẹn ni pé mo ti wẹ̀ ẹ́. Nígbà míì, bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ ni mò ń gbọ́ ẹ̀rín wọn láti fèrèsé bálùwẹ̀, tí Màmá ń ké pé, “Rọra o, kì í ṣe ìkòkò lò ń ha!”

Ìyá Òkè kì í gba kọ́bọ̀. Tí Màmá bá na nǹkan sí i, á ní, “Ẹ tọ́jú ẹ̀, Màmá. Láádá ni mò ń wá.” Èmi tí mo dúró síta ni láádá tèmi ń wọ bánkì. Mi ò sọ fún un rí pé wọ́n ń san owó ìwẹ̀ yẹn. Mo rò pé ohun tí kò mọ̀ kò ní dùn ún.

Nígbà tó yá, ara Màmá le díẹ̀. Wọ́n yí iṣẹ́ Ìyá Òkè sí ọ̀sán, kò lè wá láàárọ̀ mọ́. Màmá wá ń dá wẹ̀, á gbé àga oníke sínú agbada ìwẹ̀, á jókòó sórí rẹ̀, á ní òun kì í ṣe ọmọ ìkókó. Àsìkò yẹn náà ni mo rí iṣẹ́ ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní Stafford. Owó ibẹ̀ dára. Ó yẹ kí n pe ọ́fíìsì pé àyè mi ò gba iṣẹ́ Màmá mọ́ lójúmọmọ, kí wọ́n rán ẹlòmíràn wá. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ owó méjèèjì.

Fóònù yẹn mọ ibi tó bá wà. Tí mo bá tẹ̀ ẹ́ ní Stafford, wọ́n á mọ̀. Mo bá ra òmíràn sápò, mo fi ti ọ́fíìsì sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn Màmá, láàárín Bíbélì rẹ̀ àti ìgò omi àdúrà. Mo kọ́ ọ bí yóò ṣe máa tẹ̀ ẹ́.

“Ṣé kò ní bú gbàù?”

“Rárá, Màmá.”

“Tí mo bá tẹ aláwọ̀ ewé yìí, kí ni mo sọ fún wọn?”

“Ẹ sọ fún wọn pé mo wà pẹ̀lú yín.”

Ó wo fóònù, ó wò mí. “Ó dáa. O sáà máa ń wà pẹ̀lú mi tó bá di ìrọ̀lẹ́.”

Mo mú ọ̀rọ̀ yẹn bí ìdáríjì. Tí mo bá ń lọ láàárọ̀, màá ti se ìrẹsì sínú fúláàsì, màá ti gbé oògùn rẹ̀ síbi tọ́wọ́ rẹ̀ á tó. Mò ń sọ fún ara mi pé àwọn àjèjì tí wọ́n ń tọ́jú ìyá olówó ní Fulshear ò lè ṣe tó bẹ́ẹ̀. Ọmọ Nàìjíríà kan tí a jọ ń gbé páálí níbi iṣẹ́, nígbà tí mo fọgbọ́n bi í léèrè, ó ní, “Guy, na everybody dey do am. Owó ìjọba ni, kì í ṣe owó bàbá ẹnì kan.” Ìyẹn tó mi láti fi sùn.

Láàárọ̀ ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀, páálí wà lọ́wọ́ mi. Fóònù dún lápò mi. Ìyá Òkè ni.

“Níbo lo wà?”

“Mo wà níbi iṣẹ́, mà.”

“Iṣẹ́ wo? Màmá ti ṣubú sí bálùwẹ̀! Ọpẹ́lọpẹ́ pé mi ò lọ síbi iṣẹ́ lónìí. Máa bọ̀!”

Ìró ló gbọ́ láti òkè. Màmá ti yọ̀ bọ́ lórí àga, kò lè dìde, ike tó fi ń bomi ló fi ń lu ara agbada náà, gbà, gbà, gbà. Kọ́kọ́rọ́ wa wà lọ́wọ́ Ìyá Òkè láti ìgbà tó ti ń wẹ̀ ẹ́. Ó wọlé, ó bá a nílẹ̀, omi tútù ṣì ń dà lé e lórí. Ó pe ọkọ̀ ilé ìwòsàn.

Ojú ń tì mí láti kọ ohun tó kàn yìí. Bí mo ṣe ń wakọ̀ lọ lójú ọ̀nà márosẹ̀, tí ẹ̀rù ń bà mí, Màmá kọ́ ló kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn. Fóònù ẹ̀gbẹ́ ibùsùn rẹ̀ ni. Mo mọ̀ pé kó tó wọ bálùwẹ̀, ó ti tẹ aláwọ̀ ewé, ó ti tẹ omi. Ní ìwé ìjọba, èmi ni mo ń wẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ nígbà tó wà nílẹ̀ yẹn. Káàdì tí mo fi wọlé síbi iṣẹ́ ní Stafford sì ń sọ tirẹ̀.

Egungun ìbàdí kejì ló sán lọ́tẹ̀ yìí. Ìrora ti gba gbogbo Òyìnbó lẹ́nu Màmá. Obìnrin kan wọlé tó jẹ́ pé iṣẹ́ rẹ̀ níbẹ̀ ni láti bi àwọn arúgbó bí wọ́n ṣe ṣubú. Nígbà tó rí i pé Màmá ò dáhùn, ó pe ògbufọ̀ lórí fóònù, ó sì gbé ohùn rẹ̀ síta kí gbogbo wa lè gbọ́. Obìnrin Yorùbá ni.

“Ẹ káàárọ̀, mà. Ògbufọ̀ ni mí. Gbogbo ohun tí ẹ bá sọ ni màá sọ fún wọn.”

“Ẹ káàárọ̀, ọmọ mi. Ìlú wo lẹ ti wá?”

“Ẹ má bínú, mà. Mi ò láṣẹ láti sọ̀rọ̀ ara mi.”

“Hàà! Ẹni tó gbọ́ Yorùbá tó báyìí, tí kò ní ìlú.”

Ògbufọ̀ sọ ìyẹn náà lédè Òyìnbó. Nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú omi tó ń kán sí i lára bú sẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni obìnrin yẹn béèrè ta ló wà pẹ̀lú Màmá nígbà tó ń wẹ̀.

Màmá yí ojú sí mi.

“Ọmọ mi yìí wà níbẹ̀. Òun ló ń wẹ̀ mí. Ọṣẹ ló yọ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́.”

Ohùn yẹn sọ ọ́ ní Òyìnbó tó mọ́ tónítóní, kò fi kún un, kò yọ níbẹ̀. Ó ya èmi fúnra mi lẹ́nu bó ṣe dà bí òótọ́. Obìnrin náà ń kọ ọ́ sílẹ̀. Mo wo Ìyá Òkè tó jókòó ní kọ̀rọ̀. Orí rẹ̀ wà nílẹ̀. Òun ló ti sọ fún àwọn tó gbé Màmá wá pé kò sẹ́nikẹ́ni nílé, pé kọ́kọ́rọ́ lòun fi ṣílẹ̀kùn.

Mi ò kàwé púpọ̀, ṣùgbọ́n mo rí ibi tọ́rọ̀ náà ń lọ. Tí ọ̀rọ̀ méjì yẹn bá pàdé, wọ́n á pe Màmá ní òpùrọ́. Ta ló sì máa gba òpùrọ́ gbọ́ tó bá ní egungun ń dun òun? Ìrànlọ́wọ́ tó nílò ju ti tẹ́lẹ̀ lọ yìí, irọ́ tó ń pa nítorí mi ló máa gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

“Mi ò sí níbẹ̀,” ni mo sọ, lédè Òyìnbó.

“Kí ló sọ?” Màmá bi fóònù.

“Ó ní òun kò sí níbẹ̀, mà.”

“Ẹ má dá a lóhùn! Ọmọdé ni, ẹ̀rù ló ń bà á.”

Ògbufọ̀ tún sọ ìyẹn. Ṣùgbọ́n mo ti bẹ̀rẹ̀, mi ò lè dúró mọ́. Mo sọ ti Stafford. Mo sọ ti fóònù tí mo fi sílẹ̀. Mo ní láti ìbẹ̀rẹ̀ ni mo ti ń tẹ ìwẹ̀ tí mi ò wẹ̀, pé obìnrin tó jókòó sí kọ̀rọ̀ yìí ló ń wẹ̀ ẹ́. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ ni ohùn yẹn ń sọ ọ́ fún Màmá ní Yorùbá, ìdí nìyẹn tí Ìyá Òkè fi gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì. Ó dìde.

“Dúró ná. Ṣé owó lò ń gbà lórí omi tí mò ń bù sí Màmá lára?”

Ògbufọ̀ bá tún túmọ̀ ìyẹn náà, torí iṣẹ́ rẹ̀ ni.

Màmá ló dá sí i. Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. “Èmi ni mo ń tẹ̀ ẹ́. Mo mọ ohun tí mò ń ṣe. Ẹ má di gbogbo ẹrù yìí lé ọmọ náà lórí nìkan.”

Nígbà tí àwọn olùwádìí ìjọba pè mí, mo gba ọ̀dọ̀ lọ́yà kan lọ, ọmọ Yorùbá bíi tiwa. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó pa ojú dé.

“Ta ló ní kó o sọ̀rọ̀ kó o tó rí lọ́yà?”

“Kò sẹ́ni, sà.”

“Ẹ̀yin ọmọ yìí! Ẹnu yín ò ní ilẹ̀kùn.”

Ó wá là á yé mi. Lójú òfin, ẹni tó gba owó ìtọ́jú tí kò ṣe, olè ló jà. Ó ní bí owó náà bá ṣe pọ̀ tó ni ẹ̀wọ̀n rẹ̀ ṣe lè gùn tó. Ẹni tí kò tíì di ọmọ onílẹ̀, bí wọ́n bá dá a lẹ́bi ẹ̀tàn, wọ́n lè gba ìwé ìgbélùú rẹ̀ kí wọ́n dá a padà sílé. Wọ́n á kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ pé kò gbọdọ̀ gba owó ìjọba tọ́jú ẹnikẹ́ni mọ́. Ó ń sọ ọ́ bí ẹni tó ń júwe ọ̀nà fún àlejò.

“Màmá ńkọ́, sà?”

“Màmá wo? Ọ̀rọ̀ tìẹ là ń sọ.”

“Ṣé wọ́n á gba ìtọ́jú lọ́wọ́ wọn?”

Ó bọ́ awò ojú rẹ̀. “Ẹni tó bá olè tẹ fóònù, wọ́n lè pè é lólè. Ṣùgbọ́n egungun tó bá ti kán, kò sí ìjọba tó lè ní kò kán. Gbàdúrà kí wọ́n rán ẹni tó máa wo egungun.”

Wọ́n kọ́kọ́ dá gbogbo ìtọ́jú Màmá dúró. Ìgbà yẹn le. Mo yí iṣẹ́ mi sí ìrọ̀lẹ́ kí n lè wà nílé ní ọ̀sán. Ìgbàkígbà tí ẹnikẹ́ni bá kan ilẹ̀kùn, Màmá á gbé àdúrà sẹ́nu. Nígbà tó ṣe, wọ́n rán nọ́ọ̀sì kan wá. Màmá fẹ́ dìde kí i káàbọ̀ bí a ti ń ṣe, kò lè dìde, omijé bọ́ lójú rẹ̀. Nọ́ọ̀sì yẹn fọwọ́ kan ìbàdí rẹ̀, ó wo bó ṣe ń gbìyànjú láti rìn dé ẹnu ọ̀nà, ó kọ ohun tó rí. Wọ́n dá ìtọ́jú padà. Obìnrin ni wọ́n rán wá lọ́tẹ̀ yìí, ó sì ń wẹ̀ ẹ́ ní tòótọ́.

Tèmi ò tíì parí. Wọ́n gbà kí wọ́n so ẹjọ́ náà rọ̀, kí n máa dá owó padà, kí n máa fara hàn ní ọ́fíìsì wọn, kí n máa ṣa ìdọ̀tí ẹ̀bá títì ní ọjọ́ Sátidé. Tí mo bá ṣe é dópin, wọ́n á pa ẹjọ́ náà dé. Tí mo bá kùnà, wọ́n á ṣí i. Mo bi lọ́yà bóyá òótọ́ tí mo sọ ló ràn mí lọ́wọ́. Ó ní oríire ni, kí n má máa dán an wò.

Ìyá Òkè ò kí mi fún ìgbà pípẹ́. Lọ́jọ́ kan tí mo dọ̀bálẹ̀ fún un lẹ́sẹ̀ àtẹ̀gùn, ó dúró, ó wò mí.

“Dìde, ilẹ̀ dọ̀tí. Mo ti bẹ Ọlọ́run pé kó san láádá mi fún mi fúnra rẹ̀, kó má rán an gba bánkì tìẹ kọjá.”

Mi ò mọ̀ bóyá kí n rẹ́rìn-ín. Òun ló kọ́kọ́ rín in.

Ọjọ́ Àìkú tó kọjá, Màmá fẹ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tó ti ṣubú. Obìnrin tó ń wẹ̀ ẹ́ kì í wá lọ́jọ́ Àìkú. Ìyá Òkè ti lọ síbi iṣẹ́. Mo wà ní ìdí ààrò nígbà tó ké sí mi láti bálùwẹ̀.

“Wá bu omi sí mi lára.”

“Èmi, Màmá?”

“Ta ló tún wà nílé?”

Ìró àtijọ́ kan ló so mọ́ àyà, ó gùn dé ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó jókòó sórí àga, ó kẹ̀yìn sí mi. Mo mú ike yẹn, ike kan náà tó fi lu agbada lọ́jọ́ yẹn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bu omi sí i léjìká. Òkè àjà ni mo gbójú sí.

“Kí lò ń wò lókè? Ṣé àjà ni mò ń gbé ni? O ń bomi sílẹ̀!”

“Ẹ má bínú, mà.”

“Mú kànìnkànìn. Ẹ̀yìn mi ni kó o fọ̀. Iwájú, mo ní ọwọ́.”

Mo fọ ẹ̀yìn rẹ̀. Ó ti gbẹ, egungun rẹ̀ ń le sí mi lọ́wọ́. Omi gba orí ìró náà kọjá lọ, kò sí ohun tí mo rí tí ojú ọmọ ò gbọdọ̀ rí. Inú àpótí rẹ̀ ni ìró yìí ti wà ní gbogbo àárọ̀ tí mo fi dúró láàárín àwọn ọkọ̀, tí mò ń tẹ àwòrán omi. Kò sẹ́ni tó rántí rẹ̀ nínú àwa méjèèjì.

“Ó yẹ ká ti mọ̀,” ni Màmá sọ. Mi ò mọ èyí tó ń sọ nínú gbogbo rẹ̀.

“Ṣé kí n tún bu sí i, mà?”

“Bu sí i. Omi yẹn dára.”

Mo bu sí i. Nígbà tó ní ó ti tó, mo na tówẹ̀lì sí i láti ẹ̀yìn, mo kọjú sí ògiri, mo dúró síbẹ̀ títí ó fi ní kí n wá gbé òun dìde.